Àbẹ́là Tó Kú Nínú Yàrá Màríà

Bí ẹ bá gba àdúgbò Becontree ní London kọjá lọ́sàn-án gangan, tí ẹ rí ilé kan tí iná ń tàn ní gbogbo yàrá rẹ̀, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn yàrá náà, ẹ má wulẹ̀ pe onílé ní onínàákúnàá. Gbádégẹṣin lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó mọ̀ pé iná ò rọrùn nílùú yìí. Òkùnkùn inú ilé ló ń bà á lẹ́rù, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé náà ò tóbi. Pálọ̀ àti kíṣìnì nísàlẹ̀, yàrá lókè. Ìgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, ti kó débẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, Ayọ̀mípọ̀sí. Ọmọ ti dàgbà, ó ti kó lọ sí Beam Park. Ìyàwó ti kú. Ó wá ku bàbá àti tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n yẹn náà rèé, kì í dákẹ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀ rí.

Kí ló pa Ọmọ́ṣọlá? Àwọn dókítà ní àrùn jẹjẹrẹ ni. Gbádégẹṣin ní irọ́ ni, òun ni òun pa á. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé orí bàbá ti dàrú.

Aládùúrà ni wọ́n. Ìjọ aláṣọ funfun kan ni wọ́n ń lọ, nínú gbọ̀ngán kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Nínú ìjọ yẹn, Gbádégẹṣin ló ń tan àbẹ́là orí pẹpẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, á ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á wọ sùtánà tí Ọmọ́ṣọlá ti lọ̀ kalẹ̀, á gun pẹpẹ, á máa tan wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bí ìsìn bá parí, á gbé ife irin kékeré kan, á fi dé orí iná náà títí á fi kú. A kì í fẹnu fẹ́ àbẹ́là àdúrà pa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nínú ìjọ yẹn gan-an mọ̀ ọ́n. Ẹnu tí èèyàn fi ń ṣòfófó, tó fi ń bú ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ẹnu yẹn náà ló máa wá fi pa iná Ọlọ́run? Èèwọ̀ ni.

Nígbà tí àìsàn Ọmọ́ṣọlá wá le, tí ilé ìwòsàn ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé kó lọ sinmi, wòlíì ìjọ ríran sí i. Ó ní kí wọ́n tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí iná náà já. Bí ọ̀kan bá fẹ́ jó tán, kí wọ́n fi tan òmíràn, títí ara á fi yá. Ta ló wá tọ́ sí ju Gbádégẹṣin lọ? Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó mú ife irin rẹ̀ dání, ó jókòó ti àbẹ́là náà tọ̀sán-tòru. Ayọ̀mípọ̀sí wá sùn sílé kó lè bá a tọ́jú ìyá rẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n gbà yín sílẹ̀ díẹ̀." Bàbá fajú ro. "Iṣẹ́ tèmi nìyí. Ìwọ lọ sinmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí àga. Ẹran ara ṣáà ni, kì í ṣe òkúta. Ìgbà tó máa lajú, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo yàrá ti mọ́ kedere. Òórùn òwú tó jó ń bẹ nínú afẹ́fẹ́. Ó wo àbẹ́là. Àbẹ́là ti kú, bẹ́ẹ̀ kò tíì jó dé ìdajì. Ó wá wo Ọmọ́ṣọlá.

Háà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ó dìde níwájú ìjọ, ó ní, "Èmi ni mo sùn." Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Wòlíì ní àkókò Ọlọ́run ló tó, pé kó má banú jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan mí kanlẹ̀ níbi tó jókòó sí níwájú, ó ní, "Ó mà ṣe o," mímí yẹn sì gún Gbádégẹṣin lọ́kàn ju èébú lọ. Ó dá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù àbẹ́là padà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi tí gbogbo ìjọ ń bọ́ bàtà sí. Ẹni tó ń gun pẹpẹ tẹ́lẹ̀ ló di ẹni tó ń ṣọ́ bàtà.

Ìyẹn dùn ún, kò sì dùn ún tó ti Ayọ̀mípọ̀sí. Gbogbo Sátidé ni ọmọ náà ń gbé oúnjẹ wá. Kò yẹ̀ rí. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé, Dádì. Ọbẹ̀ ló wà nínú èyí, ẹ̀wà ló wà nínú èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níta." Á gbé e sínú fíríìjì, á sì yíjú sí ọ̀nà. Kì í bọ́ kóòtù. Kì í gun òkè. Bàbá á ní, "Jókòó ná, ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Òun á ní òun ń lọ síbì kan. Bí bàbá bá sì dárúkọ ìyá rẹ̀, kíá ni á yí ọ̀rọ̀ sórí òjò. Ilẹ̀ London yìí kúkú nìyí, òjò kì í tán lẹ́nu ẹni.

Bàbá ti túmọ̀ rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọmọ mi mọ̀ pé èmi ni mo pa ìyá òun. Ó ń fún mi lóúnjẹ nítorí Ọlọ́run, ojú mi ni kò fẹ́ rí.

Ọ̀rọ̀ ìbá wà bẹ́ẹ̀, àfi bí ọmọ ṣe wá sọ lọ́jọ́ kan, lórí ìdúró náà ni o, pé òun ti ríṣẹ́ ní Kánádà, pé bí Àjíǹde bá ti kọjá òun ń lọ. Gbádégẹṣin ní, "Ó dáa. Olúwa á ṣọ́ ẹ." Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò lè dìde. Bí ọmọ yẹn bá lọ láìsọ ọ́ jáde, ó parí nìyẹn. Kò béèrè fún ìdáríjì. Ohun tó ń wá ni kí ọmọ náà bú òun, kó pariwo mọ́ òun, kó fi òun ré bó bá fẹ́. Kó ṣáà máà gbé e dákẹ́ kọjá òkun lọ. Kò kàn mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rò ó. Bisikíìtì ló fà á.

Alhaji Kàsímù, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa bọ́ọ̀sì, ló wá kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé kan tí yìnyín ń bọ́. "Gbádé! Dìde ńbẹ̀. Láíbìrì ń fún àwa arúgbó ní tíì àti bisikíìtì, hítà wọn sì gbóná bí oòrùn Abẹ́òkúta."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń fi àwòrán hàn. Àwòrán Jésù yín."

"Ìwọ, odindi Alhaji, kí lo wá ń wá nídìí àwòrán Jésù?"

"Bisikíìtì ni mo sọ. Bisikíìtì ò ní ẹ̀sìn. Wọ fìlà ẹ."

Ó wọ fìlà. Ká má parọ́, òtútù ilé ló lé e jáde, kì í ṣe àwòrán.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ètò náà ń jẹ́ Levi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì kọ́ nípa àwòrán àtijọ́ ní yunifásítì. Ó ní àwọn àwòrán tí òun fẹ́ fi hàn wọ́n ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, pé àwọn ará Ítálì àti àwọn ará ìhà àríwá Yúróòpù ló yà wọ́n fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún àdúrà inú ilé. Ó wá pa gbogbo iná gbọ̀ngán. Àyà Gbádégẹṣin já. Ó ti fẹ́ dìde kí àwòrán àkọ́kọ́ tó tàn sára ògiri.

Ibùjẹ ẹran ni. Òru ni nínú àwòrán náà, kò sí òṣùpá, kò sí fìtílà, síbẹ̀ ojú gbogbo wọn hàn. Levi ní, "Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá?" Wọ́n wá a títí. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ rí i: ara ọmọ jòjòló náà ni. Òun ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sókè sí àgbọ̀n ìyá rẹ̀, sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó ta ọwọ́ sójú bí ẹni tí oòrùn ń pa. Gbádégẹṣin tún jókòó dáadáa. Irú ìmọ́lẹ̀ báyìí ni àwọn aríran ìjọ rẹ̀ máa ń ròyìn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà, kò rí i rí.

Èkejì ni òkú Jésù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ látorí igi. Áà, ẹ ò rí àwọn obìnrin yẹn! Ojú wọn pọ́n, imú wọn wú, ọ̀kan ti ya ẹnu sílẹ̀ bí ìgbà tí igbe há sọ́nà ọ̀fun. Levi ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayàwòrán ìgbà yẹn fẹ́ kí ẹni mímọ́ máa sunkún bí àwa ṣe ń sunkún, kí ẹni tó bá kúnlẹ̀ síwájú àwòrán lè mọ̀ pé ẹ̀dùn òun kò ṣàjèjì lọ́run. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: obìnrin tó ń ké jù lọ nínú wọn, ọwọ́ òkú náà ló tẹjú mọ́, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ sórí kí wọ́n tó gbé e lọ. Gbádégẹṣin mọ wíwò yẹn. Òun náà wo ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀. Tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tutù, kò mọ̀.

"Àwọn òyìnbó yìí náà mọ ọ̀fọ̀ o," Kàsímù sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ kún.

Ẹ̀kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Màríà ni, nígbà tí Gébúrẹ́lì dé bá a. Kì í ṣe ààfin, kì í ṣe ojú sánmà. Yàrá lásán ni, yàrá ẹni tó ń gbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àga onígi wà níbẹ̀, aṣọ ìnujú funfun wà lórí ìkọ́, òdòdó lílì funfun wà nínú ìkòkò kékeré. Levi ní aṣọ funfun àti òdòdó yẹn ń sọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ ọmọbìnrin náà, pé nǹkan ilé ni wọ́n fi ń wàásù nígbà yẹn. Màríà ń kàwé, kò tíì gbójú sókè. Áńgẹ́lì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan wọlé. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé, ó dà gbọọrọ wá sórí tábìlì. Lórí tábìlì ni ọ̀pá àbẹ́là wà, àbẹ́là wà lórí rẹ̀, kò jó dé ìdajì. Ó ti kú. Èéfín tín-ín-rín kan ṣì ń yọ lára òwú rẹ̀.

Àga ṣubú. Gbádégẹṣin ló dìde.

"Ẹ pa á!" Yorùbá ló fi sọ ọ́, kó tó rántí pé òyìnbó ni wọ́n ń gbọ́. "Ẹ mú àwòrán yẹn kúrò! Ẹni tó yà á, èpè ló ń ṣẹ́! Áńgẹ́lì wà nínú ilé, àbẹ́là wá kú, ẹ ń pè é ní àwòrán mímọ́? Ta ni wọ́n fẹ́ pa nínú ilé yẹn?"

Gbogbo ojú yí sí i. Kàsímù di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ń fà á, "Gbádé, rọra, rọra." Àwọn mìíràn rò pé ara rẹ̀ ni kò dá. Levi tan iná, Kàsímù sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú, Ọlọ́run bá mi bù kún ọmọ náà. Ó gbé àga tó ṣubú dìde, ó jókòó sórí òmíràn níwájú bàbá. "Ẹ dákun," ó ní, "kí ni àbẹ́là tó kú túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín?"

"Ikú ni." Ó tọ́ka sí ògiri. "Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ ló sùn."

Levi fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní ẹni tó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò kọ ìtumọ̀ sílẹ̀, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí àbẹ́là yẹn títí dòní. "Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí nìyí. Ẹ wo ojú fèrèsé. Àbẹ́là wúlò nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tó jù ú lọ ti wá wọlé báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Lójú tiwọn, kò sẹ́ni tó sùn, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ilẹ̀ ló mọ́."

Gbádégẹṣin wo ara ògiri tí àwòrán náà ṣì ti ń hàn fírífírí nínú iná. Ó ní, "Ta ló wá pa á?"

"Ayàwòrán náà kò yà á síbẹ̀," Levi ní. "Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Levi tẹ àwòrán yẹn jáde fún un lórí bébà kékeré kan. Lójú ọ̀nà, Kàsímù ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn mọ́gbọ́n wá, o ò gbọdọ̀ gbójú fò ó."

"Ó mọ́gbọ́n wá fún Màríà. Èmi kì í ṣe Màríà."

"Ìyẹn náà hàn lójú ẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ronú sí i."

Ó ronú sí i. Ó gbé bébà náà tì sára agolo mílíìkì lórí tábìlì kíṣìnì, ó ń jẹun síwájú rẹ̀. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ kò dùn. Ọ̀rọ̀ tó tutù kì í yára wọ ọkàn tó ti le. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ó rántí pé oòrùn wà nínú yàrá náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Gbogbo bó ṣe ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti ń rò ó, òkùnkùn ló máa ń rí, òkùnkùn biribiri, òun tó sùn, àbẹ́là tó kú. Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Yàrá náà mọ́. Irun Ọmọ́ṣọlá tí oògùn jẹjẹrẹ ti mú kó re tó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, oòrùn wà lórí rẹ̀. Báwo lòun ṣe gbàgbé ìyẹn? Ó fọwọ́ bojú, ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ nínú kíṣìnì, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Dídá wà burú o. Ẹni tó bá ní kò burú, ọ̀rọ̀ kan ò tíì dé e lẹ́nu rí kó wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún tì.

Lọ́jọ́ Sátidé, kò dúró de ọbẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Beam Park. Ilé alájà gogoro tí Ayọ̀mípọ̀sí ń gbé, orí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò tí bàbá rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò lára nígbà kan rí ni wọ́n kọ́ ọ sí. Kò ráyè ronú ìyẹn lónìí. Ó tẹ aago.

"Dádì!" Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló dé? Ṣé kò sí o? Mo ń múra àtiwá bá yín náà ni."

"Kò sí nǹkan kan. Jẹ́ kí n wọlé."

Ó bọ́ bàtà. Páálí ló kún inú ilé, gbogbo ògiri ti ṣófo, ó ṣẹ́ ku àga kan àti kẹ́tùlù. Ó jókòó sórí páálí kan, ó yọ bébà náà nínú àpò, ó nà án sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò tò ó dáadáa. Ó ti orí bisikíìtì bọ́ sórí Gébúrẹ́lì, ó ti ibẹ̀ bọ́ sórí Levi, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí àbẹ́là inú àwòrán, ó ń sọ pé àwọn kan ní ìmọ́lẹ̀ ńlá ló wọlé. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Mi ò sọ pé mi ò jẹ̀bi. Mo sùn. Mo kàn wá bẹ̀ ẹ́ ni, má gbé e dákẹ́ lọ sí Kánádà. Ọmọ mi, bú mi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo pa ìyá rẹ, sọ ọ́ sí mi lójú kó o tó lọ."

Ayọ̀mípọ̀sí kò gbójú sókè. Àwòrán náà ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti lọ bo ẹnu rẹ̀. Bàbá ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin níta. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Dádì, èmi ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ pa."

"Fẹ́ kí ni pa?"

"Àbẹ́là yẹn. Ẹnu mi ni mo fi fẹ́ ẹ."

Bàbá ń wò ó bí ẹni tí kò gbédè.

Ọ̀rọ̀ wá ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹkún ń gé e. Ó ní òun gbé omi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun bá bàbá tó ti sùn lọ lórí àga, ojú Mọ́mì sì là sílẹ̀. "Mọ́mì ní kí n pa nǹkan yẹn, pé ó ń ta àwọn lójú. Mo ní ẹ ò ní gbà. Wọ́n ní, 'Pa á, Ayọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́.' Ife irin yẹn wà lábẹ́ ọwọ́ yín, mi ò lè mú un. Mo bá fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n lọ po ògì wá fáwọn. Mo wà nídìí sítóòfù nígbà tí mo gbọ́ igbe yín." Ó nu ojú, kò gbẹ. "Èèwọ̀ ni mo ṣe, Dádì. Mo fẹ́ sọ. Ẹ wá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ẹ̀yin lẹ sùn, mo wà lẹ́yìn yín níbẹ̀, ẹnu mi ò là. Bí mo bá ti wọ ilé yín báyìí, òórùn òwú yẹn ni mo ń gbọ́. Mi ò lè jókòó. Mi ò lè wo ojú yín."

Gbádégẹṣin dìde. Ẹ má retí pé ó gbá ọmọ mọ́ra. Inú bí i! Inú bí i débi tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "O wà níbẹ̀," ó ní. "O wà níbẹ̀, o jẹ́ kí n máa ru ú kiri. O jẹ́ kí n jókòó ti bàtà. Gbogbo Sátidé lò ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi, o ò lè gbé ọ̀rọ̀ kan wá!" Ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà. Ayọ̀mípọ̀sí wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Bàbá gbé bàtà kejì, kò lè wọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni ohun tó ń dùn ún gan-an ti já jáde lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ìyẹn ni.

"Kí ló dé tó ò jí mi?" Ohùn rẹ̀ já. "Pa àbẹ́là, mo gbọ́. Ojú rẹ̀ là, ó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi jókòó síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀, Ayọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà! Kí ló dé tó ò jí mi?"

"Mo fẹ́ jí yín. Mo ti na ọwọ́. Mọ́mì ló ní kí n má jí yín."

"Ó ní kí lo wí?"

"Wọ́n ní, 'Má jí dádì ẹ. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n sùn.'" Ọmọ náà ń sọkún, ẹ̀rín sì fẹ́ yọ níbẹ̀. "Ẹ ń hanrun, Dádì. Ẹ ń hanrun gan-an ni. Mọ́mì yí ojú sí yín, wọ́n ń wò yín. Ìgbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin náà ni wọ́n ṣì ń wò."

Gbádégẹṣin di ara ògiri mú. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú ló dé, kò sì wá ibi tó máa fi pamọ́ sí. Ayọ̀mípọ̀sí fi orúnkún wọ́ lọ bá a, ó jókòó tì í.

"Tún un sọ," bàbá ní. "Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe sọ ọ́ fún mi."